Fojúwọ̀n Gé Ìrìn-Àjò

Téèpù kan máa ń wà lọ́rùn aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ìdíkọ̀ rélùwéè. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ara ẹ̀wù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó rí i kí ó fi wọn nǹkan kan rí. Ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ojú ni ọkùnrin náà fi ń wọn èèyàn. Bí oníbàárà bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n tó kíra tán, aránṣọ ti mọ bí èjìká rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ó ti mọ ibi tí ikùn ti yọ, ó sì ti mọ èyí tí onítọ̀hún ń fà sínú kí wọ́n má baà rí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Fojúwọ̀n. Orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Bí ẹ bá pè é ní èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó lè má tètè dáhùn.

Ká má purọ́, ọkùnrin náà mọṣẹ́. Nígbà kan, ẹnì kan ní kó rán kóòtù fún ẹ̀gbọ́n òun tó ń gbé ní ìlú mìíràn. Fojúwọ̀n kò rí ẹ̀gbọ́n náà sójú rí. Ó wo àbúrò láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ta ló sanra jù nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Wọ́n dá a lóhùn, ó gé aṣọ. Kóòtù náà ba ẹ̀gbọ́n mu rẹ́gí. Láti ọjọ́ yẹn ni fífojú wọn èèyàn ti gùn ún lórí.

Ó tún ní ìwà kejì. Kì í jẹ́ kí oníbàárà rí aṣọ kó tó parí. Kò sí pé ẹ ń bọ̀ wá wọ̀ ọ́ wò láàárín. Ẹni tó bá yọjú láti béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ sí, á ní kó máa lọ sílé, pé aṣọ tí ojú púpọ̀ bá ti wò kì í dùn ún rán mọ́. Àwọn èèyàn ń ráhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń padà wá, nítorí kò sí aṣọ rẹ̀ tí kì í bá ara mu.

Ìyàwó rẹ̀ ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà lókè àdúgbò. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni o, aṣọ dókítà ni o, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí. Èyí àgbà ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, Lọ́yà ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí kò sí ohun tí ẹ lè sọ tí kò ní béèrè ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Wọ́n ń pe àbúrò rẹ̀ ní Kékeré, òun ṣì wà ní ọjọ́ orí tí èèyàn ń sùn síbikíbi tí oorun bá ti bá a.

Ọdún tí wọ́n fẹ́ra ni Fojúwọ̀n ti ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀ pé àwọn máa wọ rélùwéè lọ sí orílẹ̀-èdè tí àwọn ò dé rí. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé nígbà náà. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, àwọn ife orí tábìlì a máa gbọ̀n. Ìyàwó a ní, "Àwọn èèyàn yẹn ń lọ o." Ọkọ a ní, "Àwa náà á lọ. Lọ́dún tó ń bọ̀." Ọdún tó ń bọ̀ dé, wọ́n bí Lọ́yà. Òmíràn dé, ẹ̀rọ ìránṣọ kọṣẹ́. Òmíràn dé, wọ́n bí Kékeré. Òmíràn tún dé, onílé ṣọ́ọ̀bù fi kún owó ilé. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Obìnrin náà kò bá a jà, kò sì ráhùn, ó kàn dẹ́kun sísọ ọ́ ni. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá báyìí, á fọwọ́ di ife mú, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé bí obìnrin bá ti dákẹ́, wọ́n á ní ó ti gbàgbé. Fojúwọ̀n kò sí lára wọn, ẹ jẹ́ ká fún un ní ìyẹn. Ìdákẹ́jẹ́ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun máa dìde pé ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ, tí ìyàwó òun kò sì ní gba òun gbọ́ mọ́.

Iṣẹ́ ló gbé e dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ìdíkọ̀ ní kó rán ẹ̀wù tuntun fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ọjọ́ tó kó o lọ, ó rí ìwé ńlá kan lára ògiri, àwòrán òkè àti òkun wà lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ nípa tíkẹ́ẹ̀tì ìdílé síbẹ̀. Ó lọ bá akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì, obìnrin kan tó wọ awò ojú, tí ohùn rẹ̀ ń gba inú ihò kékeré kan lára gíláàsì jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ là á yé mi. Ta ni wọ́n ń pè ní ìdílé?"

"Bàbá, ìyá, àtàwọn ọmọ tó ṣì wà nílé ìwé. Tí gbogbo yín bá jọ sanwó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́dọ̀ lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ lọ nígbà tí gbogbo ayé bá ń lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ tètè rà á. Ọkọ̀ tó ń rọra rìn sì ni, kì í ṣe èyí tó ń sáré."

"Báwo ló ṣe ń rọra rìn tó?"

"Ó ń dúró ní gbogbo ìdíkọ̀ bí ẹni tó ń kí ará ilé."

"Ibo ló jìnnà jù tó lè gbé wa dé?"

Akọ̀wé fi ìka hàn án lórí àwòrán: orílẹ̀-èdè tó wà lẹ́yìn àwọn òkè, títí dé ìlú etí òkun tó wà níparí rẹ̀. Káàdì ìdánimọ̀ lásán ni wọ́n ń béèrè ní ẹnubodè. Fojúwọ̀n wo òkun aláwọ̀ búlúù yẹn, ó wo ìyàwó rẹ̀ lọ́kàn, ó sì pinnu pé òkun ló máa wù ú. Kò bi í. Ẹni tó ń rán aṣọ kò gbọ́dọ̀ fi han oníbàárà kó tó parí, àbí kí lẹ ti gbọ́?

Ẹni méjì péré ló sọ ọ́ fún. Èkíní ni onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, tó ń fọ́nnu káàkiri pé òun ti rìnrìn àjò kọjá ẹnubodè rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé oorun gbé e kọjá ìdíkọ̀ tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀, ọlọ́pàá ẹnubodè ló jí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó dé ibi tí èèyàn ò dé, àgbà ni lórí ọ̀rọ̀ ibẹ̀.

"Èdè wọn le," onígbàjámọ̀ ní. "Ṣùgbọ́n o ò nílò rẹ̀. Rẹ́rìn-ín, nawọ́ sí ohun tó o fẹ́, wọ́n á fún ọ."

"Tó bá jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ń wá ńkọ́?"

"Ìyẹn ò lédè. Ojú ẹ á ti sọ ọ́."

Ẹnì kejì ni Lọ́yà, nítorí òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń wá àkókò ọkọ̀ lórí fóònù. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ilé ìwé, ọmọ náà á wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá rẹ̀ á tẹ́ irú bébà tó fi ń ya àwòṣe aṣọ sórí tábìlì, á fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀nà láti ilé dé òkun, á wá máa to ọkọ̀ sí i bí ìgbà tí èèyàn ń to apá, ọrùn àti àpò aṣọ sórí ìwọ̀nba ọ̀pá aṣọ tí oníbàárà mú wá. Aránṣọ tó mọṣẹ́ kì í fi aṣọ ṣòfò. Bí ọkọ̀ kan ṣe ń dé ni òmíràn ń gbéra. Orí ìjókòó ni wọ́n máa sùn mọ́jú, kí wọ́n má baà sanwó ilé àlejò lójú ọ̀nà. Láti ilé ni wọ́n ti máa gbé oúnjẹ. Yàrá tí wọ́n máa gbà létí òkun, ó ní sítóòfù, wọ́n lè máa dáná fúnra wọn. Ọkọ̀ márùn-ún ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí àlàfo kankan láàárín wọn.

"Dádì, ní ibí yìí, tí ọkọ̀ kejì bá pẹ́, a ò ní bá ẹ̀kẹta."

"Kò ní pẹ́."

"Kí ni ẹ̀rí yín?"

"Mo ti wò ó."

Lọ́yà wo bàbá rẹ̀ bí adájọ́ ṣe ń wo ẹlẹ́rìí tó ń purọ́. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé kò sí aṣọ tí ọkùnrin yìí rán rí tí kò ká aṣọ díẹ̀ pamọ́ sínú ojú ìrán, kí wọ́n lè rí nǹkan tú bí ẹni tó ni ín bá sanra. Ó mọ̀ pé ara èèyàn kì í dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń gé ìrìn-àjò yìí, kò ká nǹkan kan pamọ́. Owó tó wà nílẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń wò.

Nígbà tó gbé ètò náà lọ bá akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì, obìnrin náà tọ ipa ọ̀nà náà pẹ̀lú bírò, ó sì dúró lórí ìdíkọ̀ kẹta.

"Àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gbà kọjá sí òdìkejì níbí. Ó ga o. Àkókò tẹ́ ẹ sì ní ò pọ̀. Ṣé gbogbo yín lẹ lè sáré gùn ún tẹrùtẹrù?"

"Ìyàwó mi? Apẹ̀rẹ̀ aṣọ tútù ló ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́. Ó lè gbé èmi gan-an gùn ún."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á bá wọn di àyè náà mú di òpin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n wá sanwó lẹ́yìn náà.

Ó ku aṣọ. Kò sí bí ìyàwó aránṣọ ṣe máa dé orílẹ̀-èdè àjèjì pẹ̀lú gáùn ilé ìwòsàn. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó aránṣọ ni aṣọ tuntun ń jìnnà sí jù, aṣọ oníbàárà ni wọ́n kọ́kọ́ ń rán. Láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, gáùn iṣẹ́ tó fẹ̀ bí àgọ́ àti ṣúẹ́tà kan tó nípọn ló ń wọ̀ ṣáá, ó ní òtútù ń mú òun. Fojúwọ̀n ra aṣọ búlúù tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ oníṣòwò kan, ó sì gé e nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Kò tiẹ̀ ronú nípa wíwọ̀n. Ara tí òun ti ń rí láràárọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, kí ló kù tí òun ò mọ̀ níbẹ̀?

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló fi ọ̀rọ̀ náà hàn. Ìyàwó rẹ̀ ń fọ abọ́ lọ́wọ́.

"Ìyá wọn, wá jókòó."

"Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. À ń lọ ni."

"Síbo?"

Fojúwọ̀n tẹ́ bébà rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, Lọ́yà ń bá a tún àwọn orúkọ tí kò lè pè pè. Ìyàwó rẹ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ ọ̀nà náà láti ilé títí dé òkun, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní.

"Ọkọ̀ mélòó nìyí?"

"Márùn-ún. Ṣùgbọ́n wọ́n bá ara wọn mu."

"Márùn-ún," obìnrin náà tún un sọ. Ó dìde, ó yíjú sí abọ́ rẹ̀.

Fojúwọ̀n ka ìyẹn sí ìdáhùn. Ohun tí òun ń bẹ̀rù náà rèé, ó ti dé: obìnrin yìí kò gbà á gbọ́. Ó sáré lọ gbé aṣọ búlúù jáde. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ pa aṣọ náà lára, ó ní ó dára púpọ̀, ó ní kí àwọn fi í sílẹ̀ di ọjọ́ tí wọ́n bá ń lọ. Ọkọ ní rárá, kó wọ̀ ọ́. Ìyàwó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fọ abọ́ tán. Ọkọ ní abọ́ kì í sá lọ. Nígbà tí kò rí ibi yẹ̀ ẹ́ sí mọ́, ó gbé aṣọ wọ yàrá kejì, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde.

Aṣọ náà kò jókòó sára rẹ̀ rárá. Èjìká rẹ̀ já wá sí apá, ìbàdí rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ọrùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu tí eegun fi hàn.

Kékeré ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mọ́mì wọ aṣọ ẹlòmíì."

Fojúwọ̀n kọ́kọ́ bínú sí aṣọ. Ó fà á wò bóyá ó ń nà. Ó yẹ ojú ìrán rẹ̀ wò, kò sí àléébù. Ìgbà náà ló gbé ojú sókè wo ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe bó ṣe ń wò ó láràárọ̀, ó wò ó bó ṣe máa ń wo àjèjì tó bá yọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó yọ téèpù lọ́rùn. Ó fi yí ìbàdí ìyàwó rẹ̀ ká. Nọ́ńbà tó rí níbẹ̀, nọ́ńbà ọmọdébìnrin ni. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọkùnrin tó ń mọ bí ẹni tí kò rí rí ṣe sanra tó, ìyàwó rẹ̀ ń rù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, kò mọ̀.

Lọ́yà mú àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ náà máa kúrò níbi ọ̀rọ̀ láìbéèrè ẹ̀rí.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"Láti ìgbà wo, ìyá wọn?"

"Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ni. Mo gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan, mo jókòó sí ìdajì, mi ò lè dìde mọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ò tó, ọkàn mi sì ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fún mi lóògùn. Aṣọ gbígbẹ ni wọ́n ní kí n máa ká báyìí, wọn ò jẹ́ kí n gbé nǹkan mọ́."

"O ò sì sọ fún mi. Èmi ọkọ ẹ."

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ ọ́ gan-an lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ìdíkọ̀ lójú oorun."

Àṣírí tí Fojúwọ̀n ń pa mọ́ láti ọjọ́ yìí, ẹnu ara rẹ̀ ló tú u.

"Mo gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí ẹ fẹ́ ṣe é lóòótọ́," ìyàwó rẹ̀ ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì gbọ̀n. "Mo ní tí mo bá sọ ọ́, ẹ máa ní kí ara mi yá ná. Ẹ máa ní lọ́dún tó ń bọ̀. Bàbá wọn, mi ò fẹ́ gbọ́ ọdún tó ń bọ̀ mọ́. Mi ò mọ èyí tó kù fún mi níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fojúwọ̀n lákínyẹmí ara. Ohun tó sì dùn ún jù, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ni pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Kí ara rẹ̀ yá ná. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́. Ó gbé e mì.

Ní ọjọ́ kejì, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi abẹ tú aṣọ búlúù náà ní ojú ìrán kọ̀ọ̀kan. Onígbàjámọ̀ yọrí wọlé. Ó ti gbọ́, ẹ má béèrè ẹni tó sọ fún un, kò sí ohun tí wọn kì í gbọ́ nídìí orí fífá.

"Pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ti parí nìyẹn."

"Lọ́kàn mi, ó ti parí."

Onígbàjámọ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. "Èyí tó ò ń tú yìí ńkọ́? Ṣé o ò ti fi aṣọ gidi ṣòfò báyìí?"

"Òfò kẹ̀? Kò sí òfò níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó bá ara tó wà mu ni."

Ó sọ ọ́ tán, ó sì dá abẹ dúró. Onígbàjámọ̀ ò mọ ohun tí òun ṣe, ó ní òun ń lọ gé irun ẹnì kan. Fojúwọ̀n wo bébà ìrìn-àjò tó ká sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ló ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì gba ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ pàdé ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

"Mo fẹ́ wọ̀n ọ́," ó ní.

"Ṣebí ẹ ti wọ̀n mí lánàá."

"Aṣọ nìyẹn. Ìrìn-àjò ni mo fẹ́ wọ̀n báyìí. Báwo lo ṣe lè rìn jìnnà tó kó tó rẹ̀ ẹ́?"

Ìyàwó rẹ̀ wò ó bóyá ó ń ṣeré. Nígbà tó rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká rìn ín wò."

Wọ́n rìn ín. Láti géètì ilé ìwòsàn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé búrẹ́dì, níbi tó ti máa ń fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀ lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ọkọ mọ̀. Ó fẹ̀yìn tì í. Fojúwọ̀n dúró tì í. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò sí ibi ìjókòó kankan ní gbogbo òpópónà yẹn. Wọ́n tún rìn, wọ́n tún dúró. Ó ń bi í ní ìbéèrè, ìyàwó sì ń dáhùn. Ṣé ó lè sùn lórí ìjókòó? Rárá, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì tí kò bá nà gbọọrọ. Ṣé ó lè gun àtẹ̀gùn? Díẹ̀, tí kò bá sẹ́ni tó ń lé e.

"Òkun ńkọ́? Mo mọ̀ pé òkun wù ẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ ló jìn."

"Òkun kẹ̀? Ta ló sọ fún yín pé òkun wù mí?"

"Mo fojú wò ó ni."

"Omi ni mo ń rí láti ìgbà tí mo ti ń fọṣọ. Kí ni mo fẹ́ lọ fi omi mìíràn ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gba gbogbo ara rẹ̀, ó ní láti tún fẹ̀yìn ti nǹkan. Fojúwọ̀n náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ rẹ́rìn-ín lójú títì. Lẹ́yìn náà ló wá bi í ní ìbéèrè tó yẹ kó ti bi í láti ọjọ́ tí Lọ́yà ò tíì dáyé.

"Kí lo fẹ́, nígbà náà?"

"Mo fẹ́ sùn nínú ọkọ̀ tó ń lọ, kí n jí sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Kí n jókòó. Kí àwọn èèyàn máa sọ èdè tí mi ò gbọ́, kó má sí ìkankan nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé èmi ni wọ́n ń pè. Ìyẹn nìkan ni."

Fojúwọ̀n padà sídìí tábìlì rẹ̀, òun àti Lọ́yà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga oníbàárà, ó ń wò wọ́n, bí nǹkan kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní kí wọ́n tún un ṣe. Ìdíkọ̀ kẹta àti àtẹ̀gùn rẹ̀ kúrò. Òkun kúrò. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù, èyí tó ń gbéra ní ìrọ̀lẹ́, tó ń kọjá ẹnubodè lóru, tó sì ń dé ìlú àkọ́kọ́ lẹ́yìn àwọn òkè ní òwúrọ̀. Lọ́yà rí yàrá kan níwájú ìdíkọ̀ ibẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ilé, kò sí àtẹ̀gùn. Ó ka ohun tí àwọn àlejò kọ nípa rẹ̀ sétí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní ẹ̀rí nìyẹn. Owó tí wọ́n dín lórí jíjìn ọ̀nà ni wọ́n fi gba bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin nínú ọkọ̀. Ó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ohun tí wọ́n ní. Ìyàwó wo ìlú náà lórí fóònù, ó ní bẹ́ǹṣì wà létí ọ̀nà níbẹ̀, òun ti rí i.

Dókítà tí wọ́n jọ lọ rí kò sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá, kò sì sọ ọ́ di kékeré. Ó ní obìnrin náà lè lọ, bí kò bá ní gbé ẹrù, tí kò bá gbàgbé oògùn, tó bá sì sùn dáadáa. Tí wọ́n bá dé, kí ó wá ṣe àyẹ̀wò tó kù.

"Lẹ́yìn àyẹ̀wò yẹn ńkọ́, dókítà?" Fojúwọ̀n béèrè.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é ná. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí mi ò tíì rí."

Fojúwọ̀n mi orí pé òótọ́ ni. Òun pàápàá ò fẹ́ràn ẹni tó ń fojú wọn nǹkan mọ́.

Àwọn méjèèjì ló jọ lọ sanwó. Akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì wo ìyàwó aránṣọ láti inú awò rẹ̀, ó kí i, ó wo ètò tuntun náà, kò sì béèrè ohun tó dé sí òkun. Ó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ṣì wà ní ọjọ́ méjì: ọ̀kan ní Ọjọ́bọ̀ yìí, èkejì lẹ́yìn oṣù méjì, nígbà tí ojú ọjọ́ á ti dára sí i, tí owó rẹ̀ á sì tún dín sí i.

Gbogbo ohun tí Fojúwọ̀n ti kọ́ láyé ló ní kó mú èyí tí owó rẹ̀ dín. Ó fi í sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, kí ojú rẹ̀ má baà bá a sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́bọ̀," ìyàwó rẹ̀ ní.

"Ẹ ò fẹ́ èyí tí owó rẹ̀ dín?"

"Ọjọ́bọ̀ ni, mà. Ẹ ṣeun."

Akọ̀wé tẹ nǹkan lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, láìgbé ojú sókè, ó béèrè ohun tó máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́.

"Ṣé àlọ nìkan ni, àbí àlọ àtàbọ̀?"

Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ wà ní apá rẹ̀. Fojúwọ̀n mọ̀ ọ́n lára bí ọwọ́ náà ṣe fún un mọ́ra lójijì. Ó tẹ̀ síwájú mọ́ ihò kékeré inú gíláàsì yẹn, ó sì sọ ọ́ sókè débi pé àwọn tó tò sẹ́yìn wọn gbé orí sókè.

"Àlọ àtàbọ̀ ni," ó ní. "Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."